Lórí àbá pé kí “àkójọ orin” rọ́pò “àwo orin”

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá láìpẹ́ yìí pé kí á má pe iṣẹ́ tí olórin bá gbé jáde ní “àwo orin” mọ́, kí á máa pè é ní “àkójọ orin”. Ìdí tí wọ́n fún wa ni pé kò sí àwo kankan mọ́, orí fóònù ni gbogbo wa ti ń gbọ́ orin. Mo bọ̀wọ̀ fún ìrònú wọn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn, nítorí pé bí a bá sọ ọ̀rọ̀ yìí nù, a ó pàdánù ọ̀rọ̀ kan tó ti mọ́ àwọn èèyàn wa lẹ́nu.

Kì í ṣe òní ni ohun tí à ń pè ní àwo ti ń yí padà. Nígbà tí Parlophone, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àwo, gba orin Túndé King, eléré jùjú, sílẹ̀ ní 1936, àwo ayé ìgbà náà wúwo, ó sì tètè ń fọ́, ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò sì gbà ju orin nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ní 1948, Columbia, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe àwo ní Amẹ́ríkà, mú àwo tó ń rọra yí (LP) jáde, tí ojú kan rẹ̀ gba ohun tó lé ní ogún ìṣẹ́jú. Òun ni àwọn eléré jùjú àti fújì wá lò tó bẹ́ẹ̀ tí odindi ojú kan fi máa ń jẹ́ orin kan tí kò dánu dúró. Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì dé. Kásẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àwo rárá, okùn téèpù tí wọ́n ká sínú ike ni, síbẹ̀ ẹni tó bá lọ sí Ìdúmọ̀tà tàbí Aláàbà láti ra iṣẹ́ tuntun tí King Sunny Adé tàbí Síkírù Àyìndé Barrister ṣe, “àwo tuntun” náà ni yóò ní òun ń wá. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lára ohun èlò kí síídì tó dé. Ó ti di orúkọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a ń tẹ̀ lé pàápàá kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ni “album” lọ́dọ̀ wọn, irú èyí tí a ń lẹ fọ́tò mọ́. Nígbà tí àwo kan kò gbà ju orin kan lójú kọ̀ọ̀kan, inú ìwé alápò báyìí ni wọ́n ń to àwo mélòó kan sí, kí wọ́n tó tà wọ́n pọ̀. Ìwé náà ti parẹ́ ó pẹ́, wọn kò sì torí bẹ́ẹ̀ wá orúkọ mìíràn. Kí ló dé tí a ó fi béèrè lọ́wọ́ èdè Yorùbá ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì? N kò bá ọ̀dọ́ tó ń pè é ní álíbọ́ọ̀mù jà o, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé kí àwo kógbá wọlé.

Àléébù tó wà lára “àkójọ orin” gan-an ni pé ó ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣa orin oríṣiríṣi olórin jọ, tàbí tí èmi fúnra mi bá to orin tí mo fẹ́ràn sórí fóònù mi, àkójọ ni ìyẹn, orúkọ náà sì bá a mu rẹ́gí. Àwo yàtọ̀. Ẹ wo “Made in Lagos” tí Ayọ̀dèjì Balógun, ọmọ Ojúẹlẹ́gba tí gbogbo ayé mọ̀ sí Wizkid, gbé jáde ní 2020. Orin 14 ló wà nínú rẹ̀, P2J ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìlù wọn, ohùn kan náà ló sì so wọ́n pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Burna Boy, Skepta, Damian Marley, H.E.R. àti Tems wà lára àwọn tó bá a kọrin. A kò kó wọn jọ lẹ́yìn tí wọ́n ti wà. Torí kí wọ́n lè jẹ́ ọ̀kan ni a ṣe ṣe wọ́n.

Àwo kan náà yìí ló jẹ́ kí n rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti kù fún wa ní tòótọ́. “Smile” àti “No Stress” ti jáde ṣáájú rẹ̀ ní ọdún náà; mo dábàá kí á máa pe irú wọn ní “orin aṣíwájú”. Ṣùgbọ́n “Essence” kò ṣíwájú: inú àwo náà ni ó wà kí wọ́n tó yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, òun sì ni ó dé ipò kẹsàn-án lórí Billboard Hot 100, àtẹ orin tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, lọ́dún náà. “Ẹyọ orin” ni kí á fi pe gbogbo wọn lápapọ̀, kí “aṣíwájú” jẹ́ ti èyí tó bá kọ́kọ́ jáde nìkan.

Ní ti ìjáde fúnra rẹ̀, mo rí i pé àwọn kan ń kọ “ìkójáde àwo” fún gbogbo rẹ̀, èyí kò sì tọ́. Ìkójáde ní èrò nínú, gẹ́gẹ́ bí ìkómọjáde ṣe ní ẹbí àti ará nínú. Bí akọrin ẹ̀mí tàbí eléré fújì bá gba gbọ̀ngàn, tó fi alága jókòó, tí àwọn èèyàn sì ń fi owó ńlá ra àwo náà níṣojú gbogbo ayé, ìkójáde nìyẹn. “Made in Lagos” kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un, ìwọ́de EndSARS gba ìgboro Èkó, wọ́n sún un síwájú, ó sì jáde ní ọjọ́ 30 oṣù náà sórí fóònù àwọn èèyàn. “Ìjáde” lásán tó o. Ẹni tó bá kọ “ìkójáde” síbẹ̀ ń sọ fún òǹkàwé pé ayẹyẹ wáyé.

Fún ẹni tó ń darí iṣẹ́ ní sítúdíò, “olóòtú orin” dára, ẹni tó ń náwó sí i sì ni “agbátẹrù”. Méjèèjì ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀.

Ó ku ẹ̀dà tó tún jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, tí wọ́n fi àwọn orin mìíràn kún, títí kan “Essence” tí Justin Bieber dá sí. Ẹnì kan dábàá “àtúntẹ̀” fún un, bí a ti ń ṣe fún ìwé. Àtúntẹ̀ ìwé lè má ní ohun tuntun kankan nínú, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tuntun inú ẹ̀dà yìí gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ gbé e jáde. “Àwo aláfikún” ni èmi yóò kọ.