Ìdáhùn: «òróró pàtàkì» kọ́ ló yẹ ká máa pè é

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò wa kan béèrè ohun tí a ó máa pe "essential oil" ní Yorùbá, ìyẹn ohun inú àwọn ìgò kéékèèké tí wọ́n ń kán sínú ẹ̀rọ kí òórùn rẹ̀ lè gba inú ilé kan, tàbí tí wọ́n fi ń wọ́ ara. Orúkọ mẹ́ta ló wọlé: "òróró pàtàkì", "oje òórùn", àti "ògidì òórùn" tí èmi mú wá. Ẹ̀gbọ́n wa tó fọwọ́ sí "òróró pàtàkì" ní ó ti wà nínú ìwé pélébé tí wọ́n ń há sínú páálí ìgò náà, pé ọ̀rọ̀ tó bá ti wọlé, ká má lé e síta mọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n takò yín lórí èyí, torí ohun tí ojú mi rí ló ń sọ̀rọ̀.

Irú ìwé pélébé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan kà lọ́dún tó kọjá. Ìgò yukalíptọ́ọ̀sì, èyí tí wọ́n ń rí lára ewé igi kan, ló rà, nítorí pé ọ̀fìnkìn ń dà ọmọ rẹ̀ oṣù méje láàmú. Ìwé náà ní kí wọ́n fi "òróró pàtàkì" pa àyà. Ó sì ṣe ohun tí gbogbo abiyamọ ń fi òróró ṣe: ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ra ọwọ́, ó fi pa ọmọ láti ọrùn dé ìdodo. Nígbà tí mo fi máa dé ibẹ̀, àyà ọmọ ti pọ́n bíi pé omi gbóná ló jó o, ó ń wúkọ́, èémí rẹ̀ ń há. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn lásìkò, ara rẹ̀ sì ti yá. Ìyá rẹ̀ kò ṣi ọ̀rọ̀ náà kà. Ohun tí Yorùbá inú ìwé yẹn sọ fún un gan-an ló ṣe.

"Pàtàkì" yẹn ni àṣìṣe tó rọrùn jù láti fi hàn. "Essential" ibí yìí kò sọ pé a kò lè ṣe aláìní nǹkan náà. Ara "essence" ló ti wá, ìyẹn ohun tó mú kí ewéko jẹ́ ara rẹ̀, òórùn tí a fi ń dá ẹfinrin mọ̀ nínú òkùnkùn. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ wo ojú ọ̀rọ̀, kò wo inú rẹ̀. Àmọ́ bí a bá tiẹ̀ yọ "pàtàkì" kúrò, "òróró" ṣì wà níbẹ̀, òun gan-an ló ṣe ọmọ yẹn léṣe. Epo pupa lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ wa, àdín lọ́tọ̀, òróró lọ́tọ̀, òrí lọ́tọ̀, àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ọwọ́ wa ń bẹ̀rù. Ohun tí a fi ń dín àkàrà ni, ohun tí a fi ń pa ara ni.

Èyí kò sì í ṣe òróró rárá. Mo dán an wò lórí tábìlì mi ní alẹ́ àná. Mo mú bébà funfun kan, mo kán òróró ẹ̀pà sí apá ọ̀tún, mo kán yukalíptọ́ọ̀sì sí apá òsì. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, apá ọ̀tún ń dán bíi bébà tí wọ́n fi di àkàrà, mo lè rí ojú fèrèsé láti ẹ̀yìn rẹ̀. Apá òsì ti gbẹ, gbogbo rẹ̀ ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti tẹ èèpo ọsàn nítòsí iná àtùpà rí nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, tí iná fò tàràtàrà lára rẹ̀, ohun yìí lẹ ń ṣeré fún un nígbà náà. Bó ṣe ń ta ojú ẹ mọ̀. Ṣé òróró ni?

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló mú mi ronú kan "ògidì". Yàtọ̀ sí ti ọsàn àti irú rẹ̀ tí wọ́n ń fún láti ara èèpo, ooru ni wọ́n fi ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n á kó ewé sínú agbada, ooru omi gbígbóná á gba àárín rẹ̀ kọjá, á gba inú páìpù tútù, á sì máa kán. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń se ògógóró ti rí nǹkan náà tán: àgbá, páìpù, omi tútù, ìgò lẹ́nu rẹ̀. Àpò ewé ńlá lè máà mú ju ìgò kékeré kan wá. Yorùbá tó bá gbọ́ ògidì ọtí mọ̀ pé a kì í dà á sẹ́nu gbàà. Ìkìlọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí orúkọ náà gbé.

Wọ́n ta ko èmi náà, ó sì yẹ kí n dáhùn. Èkíní, wọ́n ní "ògidì" tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn, bíi ògidì ọmọ Yorùbá, pé àwọn ọlọ́jà á fi polówó. Òótọ́ ni. Àmọ́ bí ohun tí a ń sọ bá jẹ́ olómi, èyí tí a kò tíì bu nǹkan kan là ló kọ́kọ́ ń sọ síni lọ́kàn. Èkejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò wa kan láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù rán wa létí pé àwọn tó ń tẹ àmì ìgò kì í fi àmì ohùn sí i. Bí wọ́n bá kọ "ogidi oorun", ẹnì kan á kà á sí òórùn, ẹlòmíràn á kà á sí oorun, ẹlòmíràn á kà á sí oòrùn. Láfẹ́ńdà, ti òdòdó olóòórùn dídùn kan, sì rèé, ẹni tí kò rí oorun sùn ni wọ́n sábà ń tà á fún. Bó bá rò pé ògidì oorun ni, yóò mu ún. Ti lẹ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n fún láti ara èèpo, tàbí ti bẹ́gámọ́ọ̀tì, èso kan tó jọ ọsàn, bí èèyàn bá fi pa ara tó wá jáde sínú oòrùn, ó lè jó awọ ara. Mo ti yí ọkàn mi padà. "Ògidì ewéko" ni mo ń sọ báyìí, kò sí ohùn tó lè mú èèyàn ṣì í kà níbẹ̀.

N kò lè gba "oje òórùn" ní tèmi, torí oje ni à ń mu. Ṣíbí tíì kan yukalíptọ́ọ̀sì lè mú kí gìrì gbé ọmọdé. Ti wintergreen, ewéko òkèèrè kan tó ń rùn bíi bọ́ọ̀mù tí a fi ń pa oríkèé, ṣíbí tíì kan rẹ̀, ìyẹn mílílítà 5, tó nǹkan bíi gíráàmù 7 aspirin, ó lé ní 20 hóró oògùn.

Ibi tí ẹnu wa ti máa yọ̀ jù ni "dilute". Gbogbo wa ni yóò kọ "bomi là á" láìronú, torí bẹ́ẹ̀ là ń sọ ọ́. Àmọ́ kì í bá omi pò. Yóò léfòó, yóò lẹ̀ mọ́ ara ẹni tó ń wẹ̀, bó ṣe gbóná tó náà ni yóò ṣe wà. Nítorí náà, "fi òróró là á" ló yẹ ká kọ, ká sì pe òróró náà ní "òróró ìbùlà". Àdín àgbọn tàbí òróró ẹ̀pà tó. Nínú mílílítà 30, ẹ̀kán 6 jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀kán 12 jẹ́ ìdá méjì, ìyẹn fún ara àgbàlagbà. Ká kọ́kọ́ kán díẹ̀ nínú rẹ̀ sí abẹ́ apá, ká dúró di ọjọ́ kejì ká tó lò ó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti ṣe wá lọ́ṣẹ́ rí, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́. Kafúrà pẹlẹbẹ tí àwọn ẹlẹ́wé ń tà, ara igi ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń rí i. Kóró funfun róbótó tí a ń jù sáàárín aṣọ, naphthalene ni, inú ọ̀dà èédú ló ti wá, ṣùgbọ́n kafúrà kan náà là ń pè é. Ọmọ tuntun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní èròjà G6PD tó, àìtó rẹ̀ sì wọ́pọ̀ láàárín wa, bí a bá wọ aṣọ tí wọ́n ti kó sáàárín rẹ̀ fún un, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, ẹyinjú rẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè, ibà pọ́njú náà sì lè dé ọpọlọ.

Fún "aromatherapy", ìyẹn fífi òórùn ewéko tọ́jú ara, "ìfòórùntura" ni mo dìbò fún, kì í ṣe "ìfòórùnwòsàn". Ó lè tu ara, a kò gbọdọ̀ ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìgò.

Ohun tí mo kọ fún ìwé pélébé tuntun tí wọ́n ní kí n bá wọn tún ṣe rèé, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì: "Ògidì ewéko ni èyí, kì í ṣe òróró. Ẹ má mu ún. Ẹ fi òróró ìbùlà là á kí ó tó kan ara. Ẹ má fi pa ọmọ ọwọ́, ẹ má kán an sí i nímú."