Mo mọ àwòrán aṣọ yà, n kò mọ aṣọ rán: ṣé ilé ẹ̀kọ́ ni kí n lọ, àbí ọ̀dọ̀ ọ̀gá?

Ìwé-mọ́kànlá béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti máa ń ya àwòrán aṣọ sínú ìwé. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti di mọ́kànlá nínú àpótí mi báyìí, àwọn tó sì rí wọn máa ń sọ pé ọwọ́ mi dára. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé n kò lè rán èyíkéyìí nínú wọn. Ní oṣù tó kọjá, mo yá ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo sì wo fídíò kan, mo gé ṣòkòtò. Ó wọ̀ mí rẹ́gí ní ọjọ́ tí mo rán an tán, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tí mo sì sá a, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lọ́ bí okùn, ojú ìrán tó yẹ kó wà ní ẹ̀gbẹ́ wá yí bọ́ sí iwájú orúnkún. Mo tú u, mo tún un rán, ó tún lọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ti gbà mí fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta nípa dídá àrà aṣọ. Ẹ̀wẹ̀, aránṣọ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún sọ pé òun lè gbà mí ní ọmọ iṣẹ́ fún ọdún méjì. Owó ilé ẹ̀kọ́ náà yóò gbé gbogbo ohun tí mo fi pamọ́, n óò sì tún yá díẹ̀ lé e. Nínú ọ̀nà méjèèjì yìí, èwo ni ó ń sọ ènìyàn di ẹni tí ilé iṣẹ́ lè gbà? Ṣé òótọ́ sì ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó lókìkí jù nínú iṣẹ́ yìí kò fẹsẹ̀ tẹ ilé ẹ̀kọ́ oge kankan?

Agé-bátànì dáhùn pé:

Àbúrò, jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ lóhùn lórí ṣòkòtò náà, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè yòókù fara pamọ́ sí. Kì í ṣe ọwọ́ ìránṣọ rẹ ló bà á jẹ́. Bí o bá tú u nígbà mẹ́wàá tí o sì tún un rán nígbà mẹ́wàá, yóò máa lọ́ ni. Ọ̀nà tí o gbà tẹ́ bátànì, ìyẹn àpẹẹrẹ ẹ̀yà aṣọ tí a fi ń gé e, lé aṣọ kí o tó gé e ni. Gbogbo aṣọ híhun ló ní òwú méjì, èyí tó lọ lóòró pẹ̀lú etí aṣọ àti èyí tó dábùú rẹ̀. Ti òòró ló máa ń le jù, kì í sì í fà tó ti ìbú. Àárín ẹsẹ̀ ṣòkòtò gbọ́dọ̀ bá òwú òòró yìí lọ ní ọgbọọgba láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀. Bí o bá yí bátànì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí aṣọ lè tó ọ gé, ì báà ṣe ìwọ̀n ìka méjì péré, ẹsẹ̀ tí o yí náà yóò máa wá ọ̀nà padà sí ibi tí òwú rẹ̀ dorí kọ, omi ni yóò sì tú àṣírí rẹ̀. Bí o kò bá gbà mí gbọ́, fa òwú òòró kan yọ ní etí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ òsì náà, kí o fi ojú bá a lọ sókè, wàá rí ibi tó ń lọ.

Ohun tó ba ṣòkòtò rẹ jẹ́ yìí gan-an ni Madeleine Vionnet fi gba orúkọ ní Paris ní àwọn ọdún 1920 àti 1930. Obìnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ ń gé aṣọ ní ìlà tó gba igun dé igun, ìyẹn ni digíríì 45 sí òwú òòró, kí aṣọ lè máa fà, kí ó sì máa ṣàn lé ara bí omi. Ère onígi kékeré kan ni ó máa ń dán ọgbọ́n rẹ̀ wò lára kí ó tó fọwọ́ kan aṣọ gidi. Ọmọdé ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ. Aṣọ yí mọ́ ọ lọ́wọ́, òun ni ó sì ń yí aṣọ. Ìmọ̀ òwú ló wà láàárín yín, kì í ṣe ẹ̀bùn àwòrán.

Ní ti àwọn olókìkí, orúkọ Alexander McQueen ni ẹ̀yin ọ̀dọ́ sábà máa ń dá. Òótọ́ ni pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn aránkóòtù Savile Row ní London, ní Anderson & Sheppard, lẹ́yìn náà ní Gieves & Hawkes. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kan náà padà wá kàwé gboyè másítà ní Central Saint Martins, iṣẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀ ní ọdún 1992 ni Isabella Blow, olóòtú ìwé ìròyìn oge, sì rà tí orúkọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àwọn tó ń fi í jẹ́rìí pé ilé ẹ̀kọ́ kò wúlò kì í ka ìtàn náà dé òpin. Àwọn tó ń fi í jẹ́rìí pé ilé ẹ̀kọ́ ló dá a kì í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni n óò kọ́kọ́ lọ, n óò sì bẹ ilé ẹ̀kọ́ náà pé kí wọ́n bá mi fi ààyè mi pamọ́ fún ọdún kan. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí o gbọ́dọ̀ bi ọ̀gá náà kí o tó gbé àpò rẹ lọ: ṣé ó máa ń gé bátànì sórí ìwé, àbí ẹfun ló fi ń ya á sórí aṣọ tààrà? Ẹni tó ń ya á sórí aṣọ tààrà lè mọ iṣẹ́ ju èmi lọ, oníbàárà rẹ̀ kò sì ní rojọ́. Ṣùgbọ́n inú orí rẹ̀ ni ìmọ̀ náà wà, bí aṣọ ọ̀hún bá ti jáde lọ, kò sí ohun tó kù tí ìwọ lè kà. Ilé iṣẹ́ ńlá ń fẹ́ ìwé tí a lè fẹ̀ sí i tàbí kí a dín kù fún ìwọ̀n mẹ́fà tàbí méje.

Òwú-pupa dáhùn pé:

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi Agé-bátànì, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Ọ̀gá yóò kọ́ ọ ní bí òun ṣe ń ṣe é. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá dára yóò máa bi ọ́ léèrè ìdí tí o fi fẹ́ ṣe é bẹ́ẹ̀, ìbéèrè náà sì máa ń dunni ju kí abẹ́rẹ́ gúnni lọ. Ní ọdún kejì mi, mo gbé kóòtù kan wá síwájú kíláàsì tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rán, tí bọ́tìnnì rẹ̀ tó méjìdínlógún. Olùkọ́ wa wò ó títí, ó béèrè pé èwo nínú bọ́tìnnì náà ni ó ń di nǹkan mú. Mẹ́rin péré ni. Ó gbé àlùmọ́gàjí kékeré fún mi, ó ní kí n máa gé èyí tí kò níṣẹ́ kúrò lójú gbogbo ẹgbẹ́ mi. Mo sunkún ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kóòtù yẹn ló gba iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún mi.

Ohun kejì ni àwọn ènìyàn. Àwọn tí a jọ jókòó ni wọ́n di ayàwòrán tó ń ya aṣọ mi, ẹni tó ń hun aṣọ fún mi, àti ẹni tó pè mí nígbà tí ààyè ṣí níbi iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ìdíje kan tún wà tó máa ń yára ṣílẹ̀kùn fún ọ̀dọ́. Ọdún 1954 ni Yves Saint Laurent àti Karl Lagerfeld gba ẹ̀bùn nínú ìdíje kan náà ní Paris, ọ̀kan fún aṣọ obìnrin, èkejì fún kóòtù. Nígbà tí Christian Dior, olórí ilé iṣẹ́ oge Dior, kú ní ọdún 1957, Saint Laurent tó ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi jókòó sí ipò rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún péré.

N kò sì ní purọ́ fún ọ: ẹ̀kọ́ bátànì tí mo gbà ní ilé ẹ̀kọ́ kò tó nǹkan, ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ ní àkọ́tán. Nítorí náà, kí o tó san owó rẹ, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà ní ọjọ́ iṣẹ́, má ṣe lọ ní ọjọ́ àfihàn aṣọ. Ka iye ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ àti iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró de ẹ̀rọ. Béèrè pé kí wọ́n fi bátànì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta hàn ọ́. Bí àwòrán aláràbarà nìkan ni wọ́n bá rí gbé jáde, o ti mọ àwòrán yà tẹ́lẹ̀.

Ìwé-mọ́kànlá tún kọ pé:

Ẹ ṣeun gidigidi. Mo fa òwú náà yọ lánàá bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ dé orúnkún nìkan, ó ti yà kúrò láàárín tó ìbú àtàǹpàkò mi. Mo wá rántí pé aṣọ kò tó mi, mo sì fi ọgbọ́n yí bátànì náà kí ó lè wọ ibẹ̀. Ẹ má bínú, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ṣé kò sí iṣẹ́ fún ẹni tó jẹ́ pé àwòrán nìkan ló mọ̀ yà?

Alámòójútó dáhùn pé:

Ó wà, ṣùgbọ́n àga rẹ̀ kéré, àwọn tó ń du ú sì pọ̀. Àárín àwọn tó ń sọ àwòrán di aṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì lè sọ fún ọ pé lẹ́yìn ẹnì kan tó ń dá àrà, àwa bíi mẹ́jọ la ń sáré tẹ̀lé e: ẹni tó ń gé bátànì, ẹni tó ń rán aṣọ àpẹẹrẹ, ẹni tó ń pín bátànì sí oríṣiríṣi ìwọ̀n, ẹni tó ń wá aṣọ rà, ẹni tó ń ṣírò ohun tí yóò náni, ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn wọ̀nyí ṣí ju ti ayàwòrán lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń wá agé-bátànì fún oṣù púpọ̀ tí a kò rí, nígbà tí lẹ́tà àwọn ayàwòrán ń kún orí tábìlì.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ kan tí mo ti kúrò. Àwòrán jákẹ́ẹ̀tì kan wọlé, ó rẹwà dé ibi pé a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹni tó yà á kò mọ̀ pé apá aṣọ ní iwájú àti ẹ̀yìn. Nínú iṣẹ́ wa, àmì kan ni a máa ń fi ẹnu àlùmọ́gàjí là sí iwájú apá, méjì sí ẹ̀yìn, kí ẹni tí yóò rán an lè mọ èyí tí yóò kọjú síra. Nínú ìwé àlàyé tó tẹ̀lé àwòrán náà, àmì kan ṣoṣo ló wà níhà méjèèjì, kò sì sí ẹni tó dúró béèrè, èmi náà sì wà lára wọn. Ọ̀ọ́dúnrún jákẹ́ẹ̀tì padà wá pẹ̀lú apá ọ̀tún ní òsì àti apá òsì ní ọ̀tún. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ dà bí ẹni tí wọ́n de ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wọ iṣẹ́ yìí láti ibòmíràn, má jẹ́ kí ìyẹn tàn ọ́. Ìmọ̀ ìṣèlú ni Miuccia Prada fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Iṣẹ́ ẹnjiníà àti yíya àwòrán ilé ni Virgil Abloh kà. Síbẹ̀, ó lọ ṣe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oge Fendi ní Rome ní ọdún 2009, kó tó di pé Louis Vuitton fi í ṣe olórí àrà aṣọ ọkùnrin ní ọdún 2018. Nígbà tí ìwọ náà bá ń lọ ṣe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ níbikíbi, gba ìwé àdéhùn: wákàtí mélòó, ohun tí wọn yóò kọ́ ọ, àti ẹni tó ni àwòrán tí o bá yà níbẹ̀. Kọ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gé bátànì pẹ̀lú, bíi CLO tàbí ti Lectra, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọwọ́ rẹ bá ti mọ aṣọ. Kọ̀ǹpútà yóò jẹ́ kí o yí bátànì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe wù ọ́.

Agé-bátànì tún dáhùn pé:

Ọ̀rọ̀ Òwú-pupa lórí ìbéèrè olùkọ́ wọ̀ mí lára, mo sì gbà pé ọ̀gá púpọ̀ kì í béèrè ìdí. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un, nípa àkójọ iṣẹ́ tí o máa fi wáṣẹ́. Má ṣe gbé ìwé mọ́kànlá lọ bá ẹnikẹ́ni. Mú aṣọ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí o sì fi ìrìn-àjò ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn: àwòrán, bátànì, aṣọ ìdánwò tí o fi aṣọ olówó pọ́ọ́kú rán pẹ̀lú gbogbo ìlà tí o fi bírò fà sí i lára, àti èyí tó gúnlẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi, bí mo bá fẹ́ gba ènìyàn síṣẹ́, àkísà rẹ̀ ni mo máa ń ní kó kó wá. Nítorí náà, má ju ṣòkòtò yẹn nù. Ya àwòrán rẹ̀ bó ṣe lọ́, gé òmíràn láti ara bátànì kan náà ní ojú òwú tó tọ́, fọ̀ ọ́, kí o sì fi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Òwú-pupa tún dáhùn pé:

Ọdún kan, mo gbà. Má jẹ́ kó di méjì. Mo mọ àwọn tó ní àwọn ń bọ̀ wá kàwé, tí iṣẹ́ oníbàárà kò jẹ́ kí wọ́n tún gbórí sókè mọ́.

Ìwé-mọ́kànlá tún kọ pé:

Mo kọ lẹ́tà sí ilé ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì gbà láti fi ààyè mi pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Mo ti kọ ọjọ́ náà sára ògiri nítorí ọ̀rọ̀ Òwú-pupa. Mo bi ọ̀gá léèrè nípa bátànì orí ìwé. Wọn kò fèsì, wọ́n kàn nawọ́ sókè sí ìṣó kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n sọ ìdì páálí kan kalẹ̀ tí wọ́n lu ihò sí lórí, ìwọ̀n ara àti ọjọ́ sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, òmíràn ti gbó débi pé wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tí mo ti rán rí, mo sì ṣàlàyé. Wọ́n ní kí n mú ṣòkòtò náà dání ní ọjọ́ Ajé.