Bí dátà ibùdó tó jìnnà ṣe lè máa dé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì fúnra rẹ̀

Olùṣọ́-odò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ibùdó 8 la fi ń ṣọ́ odò kan. Sẹ́ńsọ̀ ń wọn bí omi ṣe ga tó àti bí òjò ṣe rọ̀ tó, logger ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú 15, sólà àti bátìrì ló sì ń gbé e. Títí di ìsinsìnyí, èèyàn ló ń gbé laptop lọ síbẹ̀, á so wáyà, á kó fáìlì, á wá dà á sínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Ìgbà tí omi bá kún la nílò dátà yìí jù, ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀nà kì í ṣe é gbà. A ti fi módẹ́ẹ̀mù oní-síìmù sí ọ̀kan láti fi dán an wò. Láti ibùdó, íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ọ́fíìsì bá pè é, kì í dáhùn rárá. Kí ló ń dí i? Báwo ni fáìlì ṣe lè máa dé láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án? Ìlà dátà kan tó bá sọnù lọ́jọ́ tí omi kún, kò sẹ́ni tó lè padà lọ wọ̀n ọ́n.

Wáyà-ò-já:
Síìmù yẹn ló fà á. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń jẹ́ kí síìmù púpọ̀ pín àdírẹ́sì IP kan lò, ìyẹn nọ́ńbà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀. CGNAT ni wọ́n ń pè é. Ẹni inú lè pe ìta, ẹni ìta kò lè wọlé. Ẹ yí i padà: kí ibùdó máa pe ọ́fíìsì. Ẹ lo rsync (ètò tó ń da fáìlì kọ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn) lórí SSH (ọ̀nà ìsopọ̀ tó ń fi ọ̀rọ̀ pa mọ́), kí cron (ètò tó ń ṣe iṣẹ́ ní àsìkò tí a bá dá fún un) máa tì í lọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi --partial sí i kó lè máa bá iṣẹ́ lọ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Ẹ má lo FTP lásán, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń gbé fáìlì, o, ṣe ló ń gbé ọ̀rọ̀ aṣínà kọjá ní gbangba.

Àgbà-logger:
Mo fara mọ́ ọn, àyàfi --partial yẹn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ó lè fi fáìlì tí kò pé sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gan-an, ètò tó ń ka dátà ní ọ́fíìsì á sì gbà á bíi pé ó pé. Ẹ lo --partial-dir, kí àjákù máa dúró ní àpò ọ̀tọ̀.

Ohun tó ń ká mi lára jù ni dátà tí ibùdó pa rẹ́ nítorí pé ó ti fi í ránṣẹ́. Fífi ránṣẹ́ kì í ṣe dídé. Kí ibùdó máa pa fáìlì ọjọ́ kọ̀ọ̀kan dé, kó ṣírò SHA-256 rẹ̀ (àmì kúkúrú tó máa yàtọ̀ bí ohunkóhun bá yí padà nínú fáìlì), kó fi méjèèjì ránṣẹ́. Kí ọ́fíìsì ṣírò tirẹ̀, kó sì dáhùn pé ó pé. Kó tó gbọ́ ìdáhùn yẹn, kó má pa nǹkan kan rẹ́. Ìlà 96 péré ló wà lójúmọ́ kan, mẹ́mórí káàdì kékeré á gba ti ọ̀pọ̀ ọdún, kí wá ni ìkánjú?

Ibùdó tó bá kú kò sì lè ránṣẹ́ pé òun ti kú. Ọ́fíìsì ni kó máa ṣọ́ aago: èyí tí kò bá pè fún wákàtí 2, kí SMS lọ bá ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí fóltì bátìrì wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, torí bátìrì máa ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó dákẹ́, ẹ ó sì ti rí i. Ní ti SSH, kí kọ́kọ́rọ́ tí ibùdó kọ̀ọ̀kan fi ń wọlé yàtọ̀, kó má sì lè kọ síbòmíràn ju àpò tirẹ̀ lọ. Inú igbó ni àpótí yẹn wà, ẹnikẹ́ni lè jí i gbé.

Ìlà-tààrà:
Ṣé ẹ ti gbé MQTT yẹ̀ wò, ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń fi iṣẹ́ kúkúrú ránṣẹ́? Ọdún 1999 ni Andy Stanford-Clark àti Arlen Nipper ṣe é, torí àtimáa ṣọ́ páìpù epo láti orí sátẹ́láìtì, níbi tí ìsopọ̀ ti wọ́n tí kò sì dúró sójú kan. Ìlà dátà kọ̀ọ̀kan á dé bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, ẹ ò ní dúró de wákàtí. QoS 1, ìlànà MQTT tó ní kí iṣẹ́ dé ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, lè mú ìlà kan wá lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà kí orúkọ ibùdó àti àsìkò jọ jẹ́ kọ́kọ́rọ́ nínú database, kí ìlà kan má bàa wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù rárá, Iridium SBD wà, tó ń gbé iṣẹ́ kúkúrú gba orí sátẹ́láìtì, ṣùgbọ́n lórí módẹ́ẹ̀mù 9603, 340 báìtì péré ni ibùdó lè fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ńbà lẹ ó fi ránṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe fáìlì.

Àgbà-logger:
MQTT dára fún ìkìlọ̀, mi ò bá yín jiyàn. Síbẹ̀, kí fáìlì ojoojúmọ́ ṣì máa wá lẹ́yìn rẹ̀, òun ni yóò dí àlàfo.

Olùṣọ́-odò:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìbéèrè kan ló kù: bí bátìrì bá tán pátá, tí logger sì tún jí, àsìkò wo ni yóò kọ?

Àgbà-logger:
Àsìkò tí kò jóòótọ́, bí kò bá ní RTC (aago inú ẹ̀rọ) tó ní bátìrì kékeré tirẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan sí i, kí ẹ máa kọ gbogbo àsìkò ní UTC (àsìkò àjùmọ̀lò àgbáyé), kí ibùdó sì máa fi NTP (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń gba àsìkò tó tọ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tún aago rẹ̀ ṣe nígbàkígbà tó bá pe ọ́fíìsì. Bí aago bá fò, kó kọ bó ṣe fò tó sínú fáìlì. Ẹ má ṣe jẹ́ kó padà lọ tún ìlà tó ti kọ tẹ́lẹ̀ ṣe.