Báwo ni mo ṣe lè dá jókòó jẹ́ẹ́ níbi tí mo ti ń fọṣọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa ní London. Ilé tí mo háyà ní Peckham ò ní ẹ̀rọ ìfọṣọ, ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ àdúgbò ni mò ń lọ. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ẹnu mi kì í sinmi títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Tí aṣọ bá ti ń yí, mo kàn fẹ́ dákẹ́ ni.

Àmọ́ màmá Ìjẹ̀bú kan wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí àǹkárá nínú báàgì mi báyìí, ó parí: "Ọmọ ta ni ẹ́? Ṣé o ti lọ́kọ?" Mo ki ìgbọ́hùn bọ etí, wọ́n ní kí n yọ ọ́. (Èèyàn dáadáa ni wọ́n o, wọ́n tiẹ̀ máa ń bá mi ká bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì.)

Mo lè já aṣọ sílẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fọ̀ ọ́, àmọ́ ó wọ́n jù, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan pátá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo, aago mélòó ni irú ibẹ̀ máa ń dá páropáro? Kí ni mo sì lè sọ fún màmá yìí tí kò ní jọ àfojúdi?