Ẹ gbà mí o! Ilé ìwòsàn wo l'Àkúrẹ́ ló ń gba aláìsàn pàjáwìrì láìdúró de kóòdù HMO?

Ọmọ_Ìjọ̀kà: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará ilé, bàbá mi ṣubú. Apá àti ẹsẹ̀ wọn kan ò gbé mọ́. NHIA, ìbánigbófò ìlera ìjọba àpapọ̀, la ní. À ń pe HMO, iléeṣẹ́ tó ń bá wa bójú tó o, ká lè gba kóòdù tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí ìtọ́jú, wọn ò gbé e. Ibo ni ká gbé wọn lọ? Ẹ tètè dáhùn.

Ìyá_Ìbejì: Jésù! Ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀? Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?

Bọ̀dá_Alágbàká: Gbé wọn lọ sí UNIMED Teaching Hospital, Specialist àtijọ́ yẹn. Ẹ̀ka pàjáwìrì ni kó o wọ̀ tààrà. Má dúró de kóòdù, wọ́n á kọ́kọ́ tọ́jú wọn, wọ́n á sì bá HMO sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. Lọ́dún 2025 ni NHIA pàṣẹ pé HMO ò gbọdọ̀ fi kóòdù falẹ̀ ju wákàtí 1 lọ.

Ọmọ_Arákálẹ̀: Ẹ má tan ọmọ ọlọ́mọ. Àbúrò mi jábọ́ lórí ọ̀kadà, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan nílùú yìí tí mi ò ní dárúkọ. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, wọ́n ní ká lọ gba káàdì. Ẹni tó ń gbowó ò sí níjókòó. Wọ́n tún ní ká lọ ra ìbọ̀wọ́ àti òwú. Ìyá wa tú ìborùn wọn, wọ́n fi di ẹsẹ̀ ọmọ náà, a sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ń tiro dòní.

Ìyá_Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.

Amòfin_Òkè_Àró: Ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n dá yẹn. Òfin Ìlera ọdún 2014, abala 20: ilé ìwòsàn kankan ò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ìtanràn 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí ò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì.

Ọmọ_Arákálẹ̀: Ta ni wọ́n ti jù sẹ́wọ̀n? Ẹ dárúkọ ẹyọ kan.

Amòfin_Òkè_Àró: Ṣé ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn? Ẹ gba orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀?

Ọmọ_Arákálẹ̀: Ọmọ ń kú lọ lójú mi, ẹ ní kí n máa gba orúkọ!

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì: Ẹ fi ìjà sílẹ̀ ná. Ọmọ_Ìjọ̀kà, ó jọ rọpárọsẹ̀. Ẹ dà wọ́n dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sóúnjẹ, kò sómi, kò sí oògùn BP, kò sí aspirin. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú ọpọlọ, ó lè jẹ́ iṣan ló bẹ́, àyẹ̀wò CT, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, ló máa fi hàn. Ẹ rántí aago tó bẹ̀rẹ̀! Tó bá jẹ́ pé ó dì, oògùn tó ń tú u ò ṣeé fún wọn mọ́ tó bá ti ju wákàtí 4 àtààbọ̀ lọ.

Bàbá_Ọ̀dà: Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sábẹ́ ahọ́n wọn kẹ́ ẹ tó gbéra.

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì: Bàbá, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì kúnlẹ̀, rárá o. Wọ́n lè má lè gbé nǹkan mì, ohun tó bá wọ ẹnu wọn lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Tíṣà_Òǹdó: Ẹni tí ò bá ní NHIA, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìbánigbófò ìlera tìpínlẹ̀, lọ́dọ̀ ODCHC, àjọ ìpínlẹ̀ Òǹdó tó ń bójú tó o. Ètò tí wọ́n ń pè ní Abiyamọ ni ti aláboyún àtàwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5.

Ìyá_Ìbejì: Tíṣà, bàbá àgbàlagbà là ń sọ níbí.

Tíṣà_Òǹdó: Mo mọ̀. Ẹlòmíì á kà á lọ́la.

Ọmọ_Ìjọ̀kà: A ti wà lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ nílùú Ọ̀wọ̀, là ń lọ, ọmọ wọn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo dárúkọ Specialist, wọn ò gbọ́.

Bọ̀dá_Alágbàká: Ọ̀wọ̀ kẹ̀? Ẹ ṣẹ́rí padà!

Ọmọ_Arákálẹ̀: Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Níbi téèyàn bá ti léèyàn ni wọ́n ti ń dá a lóhùn.

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì: Ó yá, ẹ pe ọmọ wọn yẹn báyìí, kó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà pàjáwìrì, kó ní kí wọ́n múra CT sílẹ̀. Aago mélòó ni bàbá ṣubú?

Ọmọ_Ìjọ̀kà: 3:10. Mo ti kọ ọ́ sọ́wọ́. A ti kọjá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. HMO ṣẹ̀ṣẹ̀ pè, wọ́n ní ilé ìwòsàn Ọ̀wọ̀ kọ́ ló wà lórí káàdì NHIA bàbá.

Amòfin_Òkè_Àró: Pàjáwìrì ni, ẹ máa lọ. Gba orúkọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀.