Ẹ gbà mí o: iṣẹ́ ọnà wo ni àwọn ọmọ pírámárì lè ṣe kó tó di Ọjọ́bọ̀?

Àǹtí Kíláàsì (Ajé, 9:14 alẹ́)
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Àwọn òbí ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán òní ni ọ̀gá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi. Kí ni mo lè ní kí wọ́n ṣe tí kò ní gbówó lérí, tí á sì dùn-ún wò? Mi ò fẹ́ yíya àsíá Nàìjíríà mọ́, ó ti sú èmi, ó ti sú wọn. Kíákíá o, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Ìtòkú (9:20)
Àǹtí, ẹ wà l'Ábẹ́òkúta ẹ tún ń béèrè? Àdìrẹ ni! Ẹ gé aṣọ funfun olówùú pélébé-pélébé, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi òkúta wẹẹrẹ sínú ẹ̀, kó fi òwú dì í, ẹ rì í bọ aró, ó parí. Mo ní aró tó kù nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo lè bu díẹ̀ fún yín.

Ìyá Ìbejì Asẹ́rò (9:31)
Kò parí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ọdún tó kọjá, ní iléèwé kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n po sódà kọ́sítíìkì àti háídírò, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń po aró, sínú báàsì lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ní káwọn ọmọ tò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fún Táyé mi ní ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ àgbàlagbà ni. Omi aró gba ẹnu ìbọ̀wọ́ wọlé, ó dúró sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ rò pé bó ṣe yẹ kó máa ta òun nìyẹn, kò sọ̀rọ̀, ó ń wo aṣọ rẹ̀. Ìgbà tó fi máa ké, ara ibẹ̀ ti ń yọ̀ bí ọṣẹ. Tíṣà bá sáré mú epo pupa, ó fi pa á. Epo pupa o! Títí dòní àpá yẹn yí ọwọ́ rẹ̀ po bí ẹ̀gbà. Kẹ́yìn ò fẹ́ wọ ohun tó bá jẹ́ búlúù mọ́, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló fara gbá a.

Àbíkẹ́ Láfẹ́nwá (9:34)
Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ọlọ́run á bá wa wo ọmọ.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà (9:40)
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kà á: sódà kì í gba epo, kì í gba ọṣẹ. Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ tó ti kàn án, ẹ na ọwọ́ ọmọ sábẹ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Omi yẹn ló ṣe pàtàkì jù.

Ọmọ Ìtòkú (9:46)
Mo bá yín kẹ́dùn, Ìyá wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi àdìrẹ kọ́, ẹ̀bi ẹni tó pò ó ni. Ìyá mi àgbà, ewé ẹ̀lú ló fi ṣe é títí ó fi re ibi àgbà ń rè, kò sì sí sódà nínú ẹ̀lú.

Bàbá Kémta (9:58)
Ìwọ ọmọ yìí, kí ni ìyá rẹ àgbà fi rẹ ẹ̀lú ọ̀hún? Omi eérú. Eérú tí wọ́n sẹ́ nínú ìkòkò. Omi eérú náà ń jẹ ọwọ́, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí èékánná àwọn aláró kì í fi í jọ ti ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ sódà ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí. Ó dá ìjà sílẹ̀ láyé Aláké Adémọ́lá Kejì: àwọn kan ní sódà àti aró òyìnbó ń ba aṣọ jẹ́, ó ń lé oníbàárà sá, àwọn aláró ní àwọn ò ní padà sí eérú. Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lé e lórí ní 1936. Ẹ̀yin rò pé orí fóònù lẹ ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn.

Ará Òṣogbo (10:03)
Mo kàn ń kọjá ni. Òṣogbo ìlú aró. Ẹ máa bá àwàdà yín lọ.

Ọmọ Ìtòkú (10:04)
Ta ló pe eléyìí?

Bàbá Kémta (10:05)
Ẹ fi sílẹ̀. Àlejò ni.

Wúrà Míìtì Páì (10:11)
Ẹ kú alẹ́ o. Níwọ̀n ìgbà tí òbí ń bọ̀, wọn á jẹun. Mo ń ṣe míìtì páì àti ṣíń-ṣíń, mo sì ń gbé e dé iléèwé, Panṣẹ́kẹ́ ni mo wà. Ẹ kọ iye tẹ́ ẹ fẹ́.

Tíṣà Ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀ (10:25)
Àǹtí, iṣẹ́ ọnà ni mo ń kọ́ ọmọ láti bí ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ mélòó ni? Kíláàsì wo? Ẹ ò sọ.

Ohun tí mo bá máa ṣe rèé, kò sí sódà níbẹ̀. Ẹ ro láfún kó ki bí ògì, ẹ jẹ́ kó tutù, kí àwọn ọmọ fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọ́ sára aṣọ bí àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe ń ṣe. Ẹ sá a. Bó bá gbẹ, kí wọ́n fi kànrìnkàn kun pẹ́ńtì lé e. Ẹmọ́ṣọ̀n ilé tó ṣẹ́ kù ṣe é lò, kẹ́ ẹ sáà ti wá búlúù. Lọ́jọ́ kejì ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ ha láfún kúrò, funfun á yọ. Àmọ́ òjò yìí ni ẹ̀rù ń bà mí fún, láfún kì í gbẹ lásìkò òjò.

Bí ọjọ́ ò bá tó, ẹ gé ilá ní ìbú, ẹ fi aṣọ nu yíyọ̀ ẹ̀, kí wọ́n máa fi tẹ pẹ́ńtì sórí páálí. Ilá tó ti kó ni kẹ́ ẹ rà o, èyí tí ìyàwó ilé kò fẹ́. Ilá tútù máa ń tẹ̀ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Ojú ìràwọ̀ tó máa ń yọ níbẹ̀, àwọn ọmọ ò ní gbà pé ilá ni.

Ìyá Ìbejì Asẹ́rò (10:33)
Pẹ́ńtì wo? Ta ló mọ ohun tó wà nínú pẹ́ńtì ilé? Tèmi ni mo sọ o.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà (10:37)
Ìyẹn ò dà bíi sódà, mà. Kí wọ́n ṣáà má tọ́ ọ wò.

Ìyá Ìbejì Asẹ́rò (10:38)
Báyìí náà ni wọ́n ṣe sọ lọ́jọ́ yẹn.

Àbíkẹ́ Láfẹ́nwá (10:41)
Ẹ̀yin tíṣà, ẹ dákun, ẹ má kàn dì í fún ọmọ wálé kí èmi wá máa gé páálí di aago méjì òru. Ìgbà tó kọjá èmi ni mo gba A.

Dádì Mẹ́ta (Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀)
Ẹ kú àárọ̀. Ta ló mọ tíṣà lẹ́sìnnì tó dáa ní Oníkòlòbó? Ọmọ mi wà ní pírámárì 5, ìsodipúpọ̀ ò wọ̀ ọ́ létí.

Tíṣà Ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀ (7:02)
Dádì, ẹ ní kó máa to ìdérí mínírà ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀, 6 ní ọ̀nà 7, kó kà á. Á wọ̀ ọ́. Àǹtí dà?

Àǹtí Kíláàsì (Ọjọ́rú, 4:37 ìrọ̀lẹ́)
Ẹ má bínú, iná ò sí, fóònù mi kú. Mo ka gbogbo ẹ̀, ẹ ṣeun gan-an ni. Àṣìṣe mi ni pé mo ka ìtàn Táyé sétígbọ̀ọ́ ọ̀gá wa, ó ní ohun tó bá jọ aró ò gbọdọ̀ wọ géètì. Mo ní ilá ńkọ́, ó ní ṣé ọbẹ̀ la fẹ́ sè ni.

Òkè Olúmọ la ń kọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo, gbogbo kíláàsì. Mo gba páálí Índómì lọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù, a tò ó jọ, a fi sítáàṣì lẹ ìwé ìròyìn bò ó.

Tíṣà Ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀ (4:45)
Àǹtí! Ìpele mélòó lẹ lẹ̀? Kò ní gbẹ kó tó di ọ̀la. Ẹ gbé e síwájú fáànù.

Àǹtí Kíláàsì (4:49)
Iná ò sí, sà. Mi ò mọ iye ìpele, ọmọ 53 ni, oníkálukú fẹ́ lẹ tiẹ̀.

Tíṣà Ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀ (4:50)
53! Ẹ ò sì sọ láti alẹ́ Ajé!

Àǹtí Kíláàsì (5:12)
Ó ti tutù jù, ẹ̀gbẹ́ kan ti wó wọnú. Mo fẹ́ sunkún, àfi bí ọmọ kan ṣe ki ọwọ́ bọ ibẹ̀, tó ní kí n má tún un ṣe, pé ihò àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun nìyẹn. Wọ́n ti ń gé èèyàn kéékèèké tó máa jókòó sínú ẹ̀.

Ọmọ Ìtòkú (5:15)
Aró mi ṣì wà nílẹ̀ o.

Wúrà Míìtì Páì (5:16)
Ọmọ 53, ẹ jẹ́ ká fi òbí sí 80. Ṣé kí n dín in?