Ìdáhùn sí "ìsoríkọ́ ńlá": ta ló ń sorí kọ́?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀gbẹ́ mi, ẹ kú àríyànjiyàn.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síra yín. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìbàdàn ló dábàá pé kí á máa pe àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní major depression ní "ìsoríkọ́ ńlá", kí ó lè wọ ìwé pélébé tí wọ́n fẹ́ pín ní ọsibítù. Ọ̀pọ̀ yín ti kan sáárá sí i. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí á fi "ńlá" sílẹ̀ ná, Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ì- tó bẹ̀rẹ̀ "ìsoríkọ́", tó ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ, ni wàhálà mi. Inú "sorí kọ́" ni "ìsoríkọ́" ti wá. Ta ló ń sorí kọ́? Ẹni náà fúnra rẹ̀ ni. Ohun tó ń ṣe ni, a sì gbà pé ó lè ṣíwọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé "gbórí sókè jàre" ló ń yá wa lẹ́nu. Ẹ wá wo bí Yorùbá ṣe ń sọ àìsàn: orí ń fọ́ mi, inú ń run mí, òtútù mú mi, ibà dá mi wólẹ̀. Àìsàn tàbí ẹ̀yà ara ni olùwà (ohun tó ń ṣe), aláìsàn ni àbọ̀ (ẹni tí nǹkan ń ṣe). Àwọn ìyá wa ò kọ́ gírámà níbì kankan, ṣùgbọ́n "kí ló ń ṣe ọ́?" ni wọ́n ń bi ọmọ tára rẹ̀ ò yá, wọn kì í bi í pé "kí lò ń ṣe?"

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa fa "ó ń ṣàìsàn" yọ sí mi, níbi tí aláìsàn ti jẹ́ olùwà. Ẹ gbìyànjú kí ẹ pàṣẹ fún aláìsàn pé "má ṣàìsàn mọ́", ẹ ó rí i pé kò bọ́ sẹ́nu. "Má sorí kọ́ mọ́" bọ́ sẹ́nu dáadáa.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe, ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ni mo sì ti fẹ̀yìn tì. Ìwọ̀nba ló ń wá bá wa pé àwọn sorí kọ́. "Orí mi ń gbóná", "nǹkan ń rìn mí lórí", "àyà mi ń já", "mi ò rí oorun sùn" ni à ń gbọ́. Òmíràn ń rẹ́rìn-ín, ó ń wé gèlè lọ òde, ṣùgbọ́n kò sóhun tó dùn mọ́ ọn mọ́. Àmì 9 làwọn dókítà ń wò: ìbànújẹ́, àìnífẹ̀ẹ́ sí ohunkóhun, oorun, oúnjẹ, agbára, ìdálẹ́bi ara ẹni, àìlèpọkànpọ̀, ara tó lọ́ra tàbí tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, ìrònú ikú. Bí 5 bá wà fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ọ̀kan nínú méjì àkọ́kọ́ sì wà lára wọn, ó ti kúrò ní ìbànújẹ́ lásán.

Àbúrò wa ní London ní kí á sọ ọ́ di "wèrè ìbànújẹ́", kó lè dẹ́rù bani. Inú bí mi. Òfin 1958 tó ń ka aláìsàn ọpọlọ sí wèrè ni Nàìjíríà ń lò títí di oṣù Kìíní 2023, nígbà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun. Ìjọba ti ju ọ̀rọ̀ náà nù, àwa ni a wá ń ṣà á? Ní 1954 ni Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn sílé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ìlera ọpọlọ Aro ká ní Abẹ́òkúta, tí ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn. Orúkọ tó ń lé ẹbí sá kò lè ṣe irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ lóore.

Bàbá wa tó sì fi "ikú yá ju ẹ̀sín lọ" ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, mo dọ̀bálẹ̀, sà, ẹ má pa òwe yẹn sí abẹ́ ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Ẹni tó ń ro ikú lè máa kà wá lóru. Ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń ronú láti para rẹ̀. Ìbéèrè kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé, ẹ bá a dé ọsibítù. Oògùn tí wọ́n bá fún un lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ràn án lọ́wọ́, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀.

"Àárẹ̀ ọkàn" ni tèmi. Àárẹ̀ mú mi, àárẹ̀ mú ọkàn mi: àìsàn náà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní "ọpọlọ" ló tọ́, kì í ṣe "ọkàn". N kò tíì gbà. Ẹni tó sì kọ "ọ̀pọ̀lọ́" nínú àbá ìwé pélébé náà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tún àmì ohùn yẹn ṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ará Èkìtì àti Kétu, ọ̀rọ̀-ìṣe wo làwọn àgbà yín ń lò fún un: ó mú un ni, ó bá a ni, àbí ó dé sí i?